Orí Rọ́bà Tí Mabel Ṣe

Oòrùn mú gan-an lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Gbogbo àwa tá a jókòó ní pálọ̀ màmá mi ní Awóyè là ń làágùn, àfi orí ìyàwó wa. Orí fífá ni, kodoro, ó sì gbẹ táútáú. Mo rò pé ẹkún ló ti mú omi ara rẹ̀ gbẹ.

Happiness ni mò ń wí, ìyàwó Godspower, ẹ̀gbọ́n mi tí òkun gbé lọ nígbà òjò. A wá òkú rẹ̀ títí, a ò rí i. Àwọn àgbà wá ní kí ìyàwó fárí, kí òkú lè mọ̀ pé òun ti kú, kó má baà máa rìn kiri. Happiness kọ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí abẹ bá kan orí òun, òun ló pa ọkọ òun. A ò jẹ́ kó sinmi. Èmi Tẹ́ní náà wà lára àwọn tó ń pariwo lé e lórí.

Ló bá wọkọ̀ lọ sí Òde Ugbò, lọ́dọ̀ Mabel ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kun ojú fáwọn òṣèré fíìmù. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni Mabel tó ṣàlàyé fún wa. Ó kun rọ́bà olómi sórí ère orí kan, ó jẹ́ kó gbẹ, ó tún un kùn léraléra títí ó fi dà bí awọ. Ó da pọ́dà sí i, ó rọra bó o. Ó di irun Happiness mọ́lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, ó wọ rọ́bà náà lé e, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ etí rọ́bà náà mọ́ iwájú orí, ó sì kùn ún ní àwọ̀ ara rẹ̀. Nígbà tó padà dé, gbogbo wa gbà pé ó ti fárí. Tí màmá mi bá fẹ́ fọwọ́ kan orí náà, Happiness á ní ó ń ta òun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, a gbọ́ ẹsẹ̀ lórí afárá pákó wa. Godspower ló yọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti rù, iyọ̀ òkun ti bó o létè, ṣùgbọ́n òun ni, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Kò sẹ́ni tó lè dìde. Ojú rẹ̀ dé orí ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rín náà sì pòórá.

"Happiness," ó ní jẹ́jẹ́, "ta lo fárí fún?"

Happiness fọwọ́ kan orí rẹ̀. Ẹ̀rù ló mú màmá mi dáhùn. "Ìwọ ni, ọmọ mi. Wọ́n ní o ti kú."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Mi ò mọ̀ pé mo ti kú." Ó yí padà, ó jáde.

Ìgbà yẹn ni Happiness tó ké. Ó ki ìka bọ abẹ́ rọ́bà náà, ó fà á ya tòun ti awọ iwájú orí, irun rẹ̀ sì tú jáde. "Irun mi rèé o! Godspower, mi ò fárí! Wẹ̀yìn wò!"

Kò sẹ́nìkan lórí afárá. Kò sí ọkọ̀ lójú omi.

Ó ń dùn mí títí dòní. Ká ní a fi irun rẹ̀ sílẹ̀ fún un ni, irun ni ẹ̀gbọ́n mi ì bá bá.

Ọjọ́ kejì làwọn apẹja ìlú Etíkan gbé òkú Godspower wá. Kò wú, kò rùn. Bàbá Olówòkéré, tó ti ń yọ òkú nínú omi láti ìgbà èwe, fọwọ́ tẹ àyà rẹ̀, ó gbé apá rẹ̀ wò, ó sì yíjú sí màmá mi.

"Ìyá Godspower," ó rọra wí, "àná lọmọ yín kú."