Òkè tí Afẹ́fẹ́ Kọ̀ ní Ìdí-Ìyeyè

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, n kò sì bù mọ́ ọn. Bí ẹ bá dé Jóga-Orílé, ẹ bèèrè ọ̀nà Ìdí-Ìyeyè. Wọn yóò júwe rẹ̀ fún yín. Bóyá wọn yóò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa òkè náà ni n kò mọ̀.

Adégbóyè lorúkọ mi. Tíṣà ni mí ní abúlé náà lọ́dún 1988, èmi náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè. Omi adágún là ń mu nígbà náà. Sòbìà ń jà. Ìyàwó mi, Ìbídùn, ní in ní ọrùn ẹsẹ̀. Odindi oṣù mẹ́ta ni kò fi lè tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀. N kò sọ èyí láti dá ara mi láre, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Ẹnjiníà kan wá láti Abẹ́òkúta, Akínlolú lorúkọ rẹ̀. Ó ní ìjọba fẹ́ gbé ẹ̀rọ kan fún wa, òpó irin gíga tó ní abẹ̀bẹ̀ lórí. Afẹ́fẹ́ ni yóò máa yí abẹ̀bẹ̀ náà, ìyẹn ni yóò sì máa fa omi mímọ́ wá láti inú ilẹ̀. Ó wọn afẹ́fẹ́ níbi méjì: ẹ̀yìn ilé ìwé, àti orí òkè kékeré tí àwọn obìnrin ti ń fẹ́ ẹ̀wà kí ìyàngbò lè kúrò lára rẹ̀. Ti orí òkè ló lágbára jù.

Ó fi ìwé kan lé mi lọ́wọ́. Àyè wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ kọ ohun tí ará abúlé sọ sí, nítorí àwọn ló ni ilẹ̀, àwọn ni yóò sọ ibi tí ẹ̀rọ máa wà. Ó ní òun ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

A pe ìpàdé. Àwọn ọkùnrin ní ibi tó bá ti wu ìjọba ni kí wọ́n gbé e sí. Màmá Ojúọlá, olórí àwọn obìnrin, ló dìde. Ó ní àwọn fẹ́ omi, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé ẹ̀rọ sẹ́yìn ilé ìwé. Mo ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kéré. Ó ní kékeré náà tó. Ó ní láti ayé àwọn ìyá àwọn, ẹnikẹ́ni kì í de nǹkan mọ́lẹ̀ lórí òkè yẹn, ewúrẹ́ pàápàá. Kò sọ ìdí rẹ̀. Àwọn obìnrin yòókù dá sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn kan náà ni: "A ò fẹ́ ẹ níbẹ̀." Mọ́kànlá ni wọ́n.

Mo délé. Mo wo ẹsẹ̀ Ìbídùn. Mo mú bírò, mo kọ ọ́ pé gbogbo wa fọwọ́ sí orí òkè.

Nígbà tí wọ́n gbé òpó sórí òkè, àwọn obìnrin rò pé ìjọba ló já àwọn kulẹ̀. N kò là wọ́n lọ́yẹ̀. Lóṣù Ọ̀wàrà ni abẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Omi dé, ó mọ́, ó tutù. Ẹsẹ̀ Ìbídùn san. Inú mi dùn.

Nígbà tí ẹ̀wà gbó, Màmá Ojúọlá gbé atẹ rẹ̀ gun òkè. Mo wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó gbé atẹ sókè, ó da ẹ̀wà sílẹ̀. Ẹ̀wà àti ìyàngbò jọ bọ́ sílẹ̀ tààrà. Ó tún un ṣe. Bákan náà ni. Ewé kan kò mì. Eruku kan kò gbéra. Lókè orí wa, abẹ̀bẹ̀ ń sáré yí.

Ọyẹ́ dé. Ó ń fẹ́ ní Ayétòrò, ó ń fẹ́ ní Ìlaró. Lọ́dọ̀ wa, èéfín ń gòkè gbọọrọ bí okùn. Aṣọ kò gbẹ lórí okùn. Àwọn ẹyẹ ṣí lọ. Ohun kan ṣoṣo tí a ń gbọ́ ni abẹ̀bẹ̀ náà, tọ̀sán tòru.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí ilé ìwé ti parí, mo lọ pọn omi. Èmi nìkan ni. Mo ṣí ẹnu ẹ̀rọ. Omi kò tètè dé. Nǹkan kan mí nínú páìpù. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan sọ ọ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti rẹ̀:

"A ò fẹ́ ẹ níbẹ̀."

Òmíràn tẹ̀ lé e. Òmíràn. Mo kà wọ́n. Mọ́kànlá. Ohùn Sẹ̀kínát, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó sọ̀rọ̀ nípàdé, wà níbẹ̀, mo sì wà níbi tí wọ́n ti sin Sẹ̀kínát lóṣù kan ṣáájú. Lẹ́yìn náà ni omi dà.

Mo fi korobá sílẹ̀. Mo lọ bá Màmá Ojúọlá nílé, mo dọ̀bálẹ̀.

"Màmá, èmi ni mo kọ ọ́ pé ẹ gbà."

Kò wo ojú mi. Ó ń fi ọwọ́ ṣa ìyàngbò kúrò nínú ẹ̀wà, ẹyọ kan lẹ́yìn èkejì.

"Mo ti mọ̀, Tíṣà," ó ní. "Ìwọ ni mò ń dúró dè."

Mo kọ̀wé sí ẹnjiníà, mo jẹ́wọ́. Ó wá lóṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e. Ó gun òpó lọ wo ẹ̀rọ kékeré tó ti so síbẹ̀ láti máa wọn afẹ́fẹ́. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé òpó náà ró, ẹ̀rọ náà kò ka afẹ́fẹ́ kankan.

"Kí ló wá ń yí abẹ̀bẹ̀?" ni mo bi í.

Ó pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní kí wọ́n wá tú òpó náà.

Wọ́n tú u lọ́sẹ̀ náà. Abẹ̀bẹ̀ kò dúró títí wọ́n fi yọ ìdè tó gbẹ̀yìn. Wọ́n kó irin lọ, wọn kò sì gbé òmíràn wá. A padà sídìí adágún. Kó tó pé ọdún kan, sòbìà tún yọ lẹ́sẹ̀ Ìbídùn. Kò bá mi wí. Ì bá sàn ká ní ó bá mi wí.

Afẹ́fẹ́ padà sínú abúlé díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò padà sórí òkè. Màmá Ojúọlá ní kí n kọ ohun tí àwọn obìnrin sọ gan-an, kí n wá kà á níbẹ̀. Mo kọ ọ́, mo fi orúkọ mọ́kọ̀ọ̀kànlá sí i, mo sì kà á sókè lójú àwọn tó kù nínú wọn. Nígbà tí mo kà á tán, ìwé náà kúrò lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe pé nǹkan já a gbà, ṣe ni ó rọra lọ, bí ìgbà tí ènìyàn bá gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Aṣọ ara ẹnikẹ́ni kò mì. Ó gòkè, ó ń lọ láìyà sápá kan, títí ojú wa kò fi rí i mọ́.

A dúró títí oòrùn fi wọ̀. Afẹ́fẹ́ kankan kò fẹ́.

Ẹ̀bá ọ̀nà Ayétòrò ni wọ́n ti ń fẹ́ ẹ̀wà báyìí. Èmi kò mọ ẹni tó gba ìwé náà. N kò mọ̀ bóyá ó ti kà á.