Orin Tí Kò Pe Orúkọ Ẹnikẹ́ni

Jósẹ́fù ki bírò bọ inú ihò kásẹ́ẹ̀tì náà, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ kí tẹ́ẹ̀pù tó ti rọ̀ lè fà le. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Rédíò alákásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a tún ṣe wà lórí àga níwájú rẹ̀. Ọlájùmọ̀kẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, jókòó sórí ẹní pẹ̀lú ìwé físíìkì tó ti ń wò láti àárọ̀. Ìdánwò báàkì tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì ku oṣù méjì.

"Pàpá, kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Orin wa ni. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì la ṣe é lọ́dún 1989. Mi ò gbọ́ ọ mọ́ láti ìgbà yẹn."

Ó tẹ bọ́tìnnì. Ariwo ṣíọ̀ṣíọ̀ ló kọ́kọ́ jáde, kí dùùrù oníná tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ohùn tó tutù, tó ń dán bí omi tí oòrùn ràn sí. Kò sí ìlù awọ kankan níbẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń lu ìlù, kì í yára, kì í falẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń kọrin lé e lórí bí ẹni tí kò fẹ́ jí ará ilé. Jùmọ̀kẹ́ pa ìwé dé.

"Ẹ̀yin lẹ ń kọrin yẹn? Ó mà dáa o! Kí ló dé tí ẹnì kankan ò mọ̀ ọ́n?"

Jósẹ́fù rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọ̀ọ́dúnrún kásẹ́ẹ̀tì la ṣe ní Àjàṣẹ́. Mo fi kẹ̀kẹ́ gbé wọn kiri Igolo, Lagbé àti Banigbé nínú òjò oṣù kẹwàá. Mọ́kànlélógójì péré la tà. Àwọn èèyàn ní, 'Orin wo nìyí? Kò ki ẹnikẹ́ni, kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò ra orin tí kò mọ òun?' Bẹ́ẹ̀, mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí ẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi lọ ilé ìwé alẹ́ kí n tó gba ìwé ẹ̀rí tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ní mẹrí, ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀."

Orin kẹta bẹ̀rẹ̀. Ó ń lọ, ó sì ṣàdédé dákẹ́, ẹ̀rọ nìkan ló kù tó ń lu ìlù, kí ohùn tó tún padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló ṣe bẹ́ẹ̀. Àyè tó ń fi sílẹ̀ kò ju ibi tí a lè pe orúkọ kan lọ. Jósẹ́fù na ọwọ́, ó pa rédíò.

"Bọ̀n, ó tó. Bó o bá fẹ́ gbọ́ ọ, inú ilé yìí ni kó o ti gbọ́ ọ. Má gbé e jáde."

Jùmọ̀kẹ́ fẹ́ béèrè ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú bàbá rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Kò béèrè. Nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ wẹ̀, Jùmọ̀kẹ́ fi fóònù gba orin kẹta náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Géraud, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó máa ń ṣe orin lórí ẹ̀rọ, gbọ́ ọ, ó sì fò sókè. Àlàájì Àbdùlàzéèzì tó ń ta símẹ́ńtì ní Igolo fẹ́ ṣí ilé ìtajà tuntun lọ́jọ́ Sátidé. Ó ń wá orin tí yóò pe orúkọ rẹ̀, kọ̀ǹpútà méjì ló sì ṣèlérí fún ẹni tó bá gbé e wá.

"Ṣó o gbọ́ àwọn àyè yẹn? Mẹ́rin gbáko! Olórin tó bá fi àyè sílẹ̀, olówó ló ń dúró dè. Pàpá ẹ ò kàn rí ẹni tí wọn ì bá fi síbẹ̀ ni."

"Wọ́n ní n má gbé e jáde."

"Wò ó, Jùmọ̀kẹ́, ṣé bírò lo fẹ́ gbé lọ yunifásítì ni? Àwọn bàbá wa, ọjà tí wọn ò rí tà, wọn ò ní jẹ́ ká bá wọn tà á."

Jùmọ̀kẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni Géraud kà sí 'bẹ́ẹ̀ ni'.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ti mú ìlù rẹ̀ le sí i, wọ́n sì ti pe "Àbdùlàzéèzì!" sí ojú àyè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé e láti àárọ̀. Àlàájì jó títí fìlà rẹ̀ fi bọ́, ó ní kí gbogbo oní-zémì, àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé èrò, gbà á sórí fóònù wọn. Jùmọ̀kẹ́ gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wálé, ó tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ aṣọ.

Lọ́jọ́ Ajé, Jósẹ́fù ń gun zémì lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí orin náà dún lára fóònù ẹni tó gbé e. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn padà wálé. Jùmọ̀kẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra ilé ìwé.

"Ta ló fi orúkọ sí i?"

"Èmi ni, Pàpá. Mo rò pé olówó lẹ fi àyè yẹn sílẹ̀ fún."

Jósẹ́fù jókòó. "Ọyáyẹmí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ru epo pupa láti Lagbé dé Igolo fún ọdún méjì kó tó ra dùùrù yẹn fún mi. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹjọ ló kú, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká wọ sítúdíò. Orúkọ ẹ̀ ló yẹ kí n pè níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo gbìyànjú, ohùn ò jáde. A sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Jùmọ̀kẹ́ kúnlẹ̀, ó sunkún. Nígbà tó dìde, ó gbé kọ̀ǹpútà náà, ó di ọ̀dọ̀ Àlàájì ní Igolo láti dá a padà. Ó rò pé ọkùnrin náà yóò fi òun ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n bí Àlàájì ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọyáyẹmí tán, ńṣe ló dìde fùú.

"Kí lo wí? Ẹ fi orúkọ tí ìyá mi sọ mí sí ipò òkú? Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin?" Ó sáré síta. "Ẹ pa á rẹ́! Gbogbo yín, ẹ pa orin yẹn rẹ́!"

Oní-zémì kan rẹ́rìn-ín. "Àlàájì, ẹ̀yin náà lẹ ní ká pín in. Ó ti wọ Ìdírókò ní Nàìjíríà o."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àlàájì dé ilé wọn, òógùn bò ó. "Músíyè Jósẹ́fù, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Irú ikú wo ló pa obìnrin yẹn? Ṣé ó ń bínú?"

"Ẹ jókòó, Àlàájì. Ibà ni. Kò bá ẹnikẹ́ni jà rí."

Àlàájì kò gbà. Ó béèrè, ó tún béèrè. Nítorí ìbẹ̀rù ọkùnrin yìí, Jósẹ́fù ní láti sọ gbogbo rẹ̀: ibà ọjọ́ márùn-ún, agbada epo tí wọ́n tà láti fi ra oògùn, oògùn tó dé lẹ́yìn tí ẹ̀mí ti bọ́. Ohun tí kò sọ fún ìyàwó rẹ̀ pàápàá, àjèjì ló ń sọ ọ́ fún, tí àwọn aládùúgbò sì dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń gbọ́. Jùmọ̀kẹ́ gbé omi dání, ó ń gbọ́ bí ohùn bàbá rẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀.

Nígbà tí Àlàájì lọ tán, Jùmọ̀kẹ́ ní, "Pàpá, ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Ó rẹ̀ mí ni." Jósẹ́fù nu ojú. "Ká ní mo sọ ìdí ẹ̀ fún ọ ni, o ì bá má ṣe é. Ṣùgbọ́n ìwọ náà ò béèrè."

Òótọ́ ni, ó sì dun Jùmọ̀kẹ́ ju kí wọ́n nà án lọ. Ìdí tí a kò sọ kì í ṣe pé kò sí. Ẹni tí wọ́n bá ní kó má fọwọ́ kan nǹkan, tí kò sì mọ̀dí rẹ̀, ẹnu ló yẹ kó kọ́kọ́ là kó fi béèrè, kì í ṣe ọwọ́ ni kó nà, nítorí ohun tó bá ti dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní olúwa tó lè gbà á padà mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, zémì kan kọjá lẹ́yìn ilé wọn pẹ̀lú orin náà, orúkọ Àlàájì sì dún gbọnmọ-gbọnmọ. Jósẹ́fù di bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ tán, ó sì lọ síbi iṣẹ́.