Ẹsẹ̀ Tí Wọ́n Ń Mú Jó

Ọjọ́ tí aránṣọ kọ́kọ́ wọ yàrá akùnlé, ohun tí ọkùnrin náà fi kí i ni pé, "Ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà yẹn, kí ẹ fi ojú wọ̀n mí. Ohun tó wà lábẹ́ aṣọ yìí kò ṣeé wò."

"Mi ò fi ojú ránṣọ rí," ni obìnrin náà fèsì, ó ti ń tú okùn ìwọ̀n rẹ̀. "Abẹ́rẹ́ ni mo fi ń rán an."

Akùnlé rẹ́rìn-ín láìfẹ́.

Oṣù díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà ló já bọ́ láti orí àkàsọ̀ níbi tó ti ń kun ilé, tòun ti ike ọ̀dà. Ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́, okùn iṣan inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Láti ìbàdí lọ sí ìsàlẹ̀, kò gbúròó ara rẹ̀ mọ́. Itan tó ń gbé e gòkè ti joro, ó rọ̀ bí aṣọ tí wọn kò fún. Ó ń rí i lára. Bí ìyá rẹ̀ bá ń wẹ̀ ẹ́, ògiri ló máa ń wò.

Aránṣọ wọn itan náà láìfún imú. "Mi ò ní fi àpò sẹ́yìn ṣòkòtò yìí," ni ó wí. "Ẹni tó ń jókòó látàárọ̀, ojú rírán àpò lè dá egbò sí i nídìí, kò sì ní mọ̀."

"Ìdí mi lẹ wá ń rò?"

"Iṣẹ́ mi ni. Ẹ má fi ṣe fọ́ńté."

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Aránṣọ ń wá láti wo bóyá ṣòkòtò bá a mu, títí kò fi sí ṣòkòtò nínú ọ̀rọ̀ mọ́. Aránṣọ di "àyànfẹ́ mi", akùnlé náà di "ìtura mi". Ṣùgbọ́n bàbá obìnrin náà, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ní òun kò bímọ fún ẹni tí kò lè dìde.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ tó rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gan, ó sì ń ta fúnra rẹ̀. Dókítà iṣan là á yé wọn pé ìwòsàn kọ́. Àṣẹ orí kò dé ẹsẹ̀ mọ́, nítorí náà, bí nǹkan bá ti kàn án, á ta. Àràárọ̀ ni kí wọ́n máa nà án jẹ́jẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣan á súnkì, orúnkún á ká, kò sì ní nà mọ́.

Ìyá akùnlé kò gbọ́ ju "ó ń ta" lọ.

Àlejò kan kò wọlé mọ́ kí ìyá má ká aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀. Á ti àtẹ́lẹsẹ̀ náà sókè lójijì, ẹsẹ̀ á sì máa gbọ̀n, gbọ̀n, gbọ̀n. "Ẹ wò ó, ó ń jó!" Àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́. Akùnlé á kọjú sí ògiri.

"Màámi, èmi kì í ṣe ọ̀bọ eléré."

"Dákẹ́, aláìgbàgbọ́."

Lọ́jọ́ tí awakọ̀ tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ wá, ìyá kò tilẹ̀ jẹ́ kó jókòó dáadáa. Ó ti ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ gbọ̀n. Ẹnu awakọ̀ là sílẹ̀.

"Á rìn nìyẹn?"

"Ẹ̀yin náà ò rí i ni?"

"Tóò. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ mú ọjọ́."

Akùnlé wo bí ìyá rẹ̀ ṣe ń yọ̀. Bó bá panu mọ́, ó ti níyàwó. Ìríra mú un: ti ẹsẹ̀ náà, ti ìyá rẹ̀, ti ara rẹ̀ tó ń ronú àtipanu mọ́.

"Bàbá, irọ́ ni. Ẹsẹ̀ yìí ò gbọ́ tèmi. Wọ́n ní mi ò ní rìn mọ́."

Awakọ̀ yíjú sí ìyá. "Ẹ wá fẹ́ lù mí ní jìbìtì?" Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ mọ̀?"

"Mo mọ̀, Bàbá. Èmi ni mo ń bá a nà án."

"Kí ló dé tó o fi sọ ọ́?" ni awakọ̀ bi akùnlé. "Mo ti fi ọmọ mi fún ọ tán."

"Mi ò fẹ́ kí ẹ máa wo ẹnu ọ̀nà lójoojúmọ́ pé n óò rìn wọlé."

Awakọ̀ wo ẹsẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé, "Lọ́jọ́ tí ara ọmọ mi kò bá yá, ta ni yóò nà án?"

Ìyá ti fi ìborùn bojú, ó ń sunkún. Láti ọjọ́ tí eré náà ti bẹ̀rẹ̀, akùnlé kò wojú rẹ̀ rí. Ó wò ó wàyí. Ìríra náà kò tíì lọ, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá.

"Màámi, ẹ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń nà án."

"Tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n," ni awakọ̀ wí, ó jókòó, "ká mú ọjọ́."

Aránṣọ gbé gìgísẹ̀ náà lé ọwọ́ ìyá. Ó ta, ó ta. "Ẹ má tì í, Màámi. Ẹ kàn dì í mú, ẹ ní sùúrù fún un."

Ìyá dì í mú títí ó fi rọ̀.