Ara Mi Tutù

Láti ẹ̀yìn fèrèsé onígíláàsì ni ọmọbìnrin náà ti ń wo ìyá rẹ̀. Wọ́n ti ya ìyá náà sọ́tọ̀ sí yàrá àwọn tí ibà tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn lára ń bá jà. Ojú rẹ̀ wú, okùn tí omi ìtọ́jú ń gbà wọ ara sì wà ní apá rẹ̀. Olófìn-íntótó ni gbogbo ẹbí ń pe ọmọ yìí, nítorí kò sí ohun tí kì í tọpinpin. Bí dókítà ṣe bọ́ aṣọ ààbò rẹ̀ tán báyìí, ọmọ náà ti ká a mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ó fẹ́ mọ ìdí tí àìsàn yìí fi máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ibà lásán. Dókítà, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ṣàlàyé fún un pé ara gbígbóná, orí fífọ́ àti ọ̀fun dídun ló ń ṣáájú, kí èébì tó tẹ̀ lé e. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní ìdí eyín wọn, ṣùgbọ́n bó bá yọ, tàbí tí kíndìnrín kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ ti di ti ikú tàbí ìyè. Ó ní èébì, itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn.

"Àwọn wo ló máa ń yè bọ́, mà?"

"Àwọn tó bá tètè dé ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìyá rẹ tètè dé."

Láràárọ̀ ni òṣìṣẹ́ ìlera kan ń wá sílé wọn láti wọn ìgbóná ara ọmọ náà àti bàbá rẹ̀, nítorí wọ́n ti bá aláìsàn gbé. Ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́yàyà ni. Gbogbo ọmọdé ló ń pè ní ọ̀gá. Àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò àṣekágbá ni ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dun Olófìn-íntótó, ara rẹ̀ sì ń jó bí iná. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ, ilé ìwòsàn ló kàn, ìdánwò á sì di ọdún tó ń bọ̀. Ó gbé parasítámọ́ mì. Kí òṣìṣẹ́ náà tó dé, òógùn ti bò ó, ara rẹ̀ sì ti tutù.

"Ọ̀gá mi, ara ńkọ́?"

"Ara mi tutù, ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara jẹ́rìí rẹ̀. Òun náà sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò purọ́.

Ní gbọ̀ngàn ìdánwò, agbára oògùn náà tán. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í jó lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ ìwé náà parí. Bó ṣe jáde ni èébì gbé e. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ sáré mú aṣọ ìnujú tirẹ̀ jáde láti nù ún lẹ́nu. Nígbà náà ni ẹ̀rù ohun tó ṣe bà á.

"Má fọwọ́ kàn mí," ó ní. Ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ lójú àwọn olùkọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ ní ìdí eyín rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dé yàrá ìyá rẹ̀. Kíndìnrín rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Bó bá ti lajú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ṣọ́ nílé ló ń béèrè. Ìgbà tí ọmọ náà lè jókòó ni ìyá rẹ̀, tí ara tirẹ̀ ti ń yá, bá a sọ̀rọ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì kejì.

"Ìwọ tí ò ń bi dókítà léèrè bí agbẹjọ́rò, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi ọ́, o sì yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀."

Ọmọ náà ní ara òun tutù lóòótọ́ lásìkò yẹn.

"Ara tutù," ìyá rẹ̀ ní. "Àìsàn ò tutù."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò kó àrùn náà. Olófìn-íntótó náà yè bọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ òsì kò gbọ́ràn mọ́. Dókítà ní àrùn náà máa ń ṣe àwọn kan tó yè bọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì ṣèlérí pé yóò tún gbọ́ràn.

Ó wá yé Olófìn-íntótó pé ẹni tó ń fẹ́ òótọ́ lẹ́nu gbogbo ayé kò gbọdọ̀ fi tirẹ̀ pamọ́, àti pé ìgbà tí àìsàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni òótọ́ wúlò jù lọ. Ó yege nínú ìdánwò náà dáadáa. Ṣùgbọ́n ká ní ó tilẹ̀ kùnà, ì bá tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Wọn kì í tún etí ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.