Ẹ̀gbọ́n Tí Kò Bá Wọn Wọ Ọkọ̀ Ojú Omi

Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Ó gbé àjẹ̀ ìtukọ̀ lé itan, ó na ọrùn síwájú, ó ní, "Ẹ bá mi wò ó. Ṣé kì í ṣe iwájú ilé yẹn ni mọ́tò wà nígbà tá a kúrò ni?"

Nọ́ọ̀sì gbójú sókè. Àárín adágún ni wọ́n wà, omi tòrò bí omi inú àwo. Lọ́hùn-ún, ilé pákó tí wọ́n ti ń sùn láti ọjọ́ Ẹtì dúró sídìí igi, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Iwájú rẹ̀ mọ́ fónífóní. Mọ́tò kò sí. Ẹ̀gbọ́n náà kò sí lórí afárá kékeré tó dúró sí nígbà tó ń tì wọ́n wọ omi, tó ń fi fóònù nọ́ọ̀sì yà wọ́n ní fọ́tò, tó ń pariwo pé, "Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa! Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i nílé pé ẹ̀yin náà ń jayé!"

"Ó lọ ra nǹkan ni," onígbàjámọ̀ wí. "Kò sí wàhálà."

Ọ̀rọ̀ yìí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ọmọ ilé tó wà nílùú òkèèrè náà fi ń pè é ní Kò-sí-wàhálà. Jórinjórin, tó kéré jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti ń tukọ̀ kíkankíkan, omi ń ta sí gbogbo wọn lára.

Nígbà tí wọ́n sáré wọlé, báàgì awọ dúdú tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná ti lọ. Inú rẹ̀ ni wọ́n kó fóònù, kọ́kọ́rọ́ ilé àti pásípọ́ọ̀tù wọn sí. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n kó o síbẹ̀ kí omi má baà bà á jẹ́. Wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ń ro tiwọn.

Nọ́ọ̀sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná. Kò sunkún. Ọjọ́ Àìkú nìyẹn. Tílẹ̀ bá mọ́, ó yẹ kó gbé pásípọ́ọ̀tù yẹn lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń fún àlejò láṣẹ láti mú ọmọ wọn wọ̀lú. Ìgbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ ń hu eyín ló gbé e lé màmá rẹ̀ lọ́wọ́, tó kọjá sókè òkun. Ní báyìí, eyín yẹn ti ń ká. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un ní ọ́fíìsì náà pé ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá kọjá, ìdí ìlà ló máa padà sí, ìlà ọ̀hún kò sì lópin.

Kí ẹ má baà sọ pé òmùgọ̀ ni wọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọkùnrin yìí ṣe rà wọ́n níyè. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni. Nọ́ọ̀sì ń bá màmá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ojú ìyá hàn rekete lójú fóònù, ni ọkùnrin onírùngbọ̀n ewú kan bá wọlé. Ó gbọ́ ohùn ìyá. Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé sílẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àárò ọmọ, màá. Ọkàn yín kó balẹ̀. Ọwọ́ àwa ará ilé ló wà."

Ẹkún gbọ̀n ìyá. "Ọmọ tí wọ́n kọ́ rèé," ló wí. Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ yìí bá ní kó o ṣe ni kó o máa ṣe o. Ṣó o gbọ́?"

Ó gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin yẹn ti di Ẹ̀gbọ́n fún gbogbo wọn. Òun ló sì sọ ọ́ lọ́jọ́ kan pé, "Iṣẹ́ sílé, ilé síbi iṣẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ máa gbó síbí ni? Mo mọ ilé kan létí omi, ká lọ fi òpin ọ̀sẹ̀ simi níbẹ̀. Ẹ mú pásípọ́ọ̀tù dání, torí onílé ò ní gba àlejò tí kò bá ní in."

Ká sòótọ́, ìgbádùn náà dùn. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n wẹ̀ títí ìka wọn fi hunjọ. Onígbàjámọ̀ gé irùngbọ̀n Ẹ̀gbọ́n lábẹ́ igi. Nọ́ọ̀sì sùn lọ́sàn-án gangan láìgbọ́ aago aláìsàn kankan lójú oorun, nígbà tó sì jí, Ẹ̀gbọ́n ń sọ ìtàn ọ̀gá kan tó jókòó lé eyín àtọwọ́dá ara rẹ̀, gbogbo wọn ń fi ọwọ́ di ikùn mú. Ó ti pẹ́ tí inú rẹ̀ ti dùn tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn gan-an ló wá ń dùn ún jù.

Wọ́n fẹsẹ̀ rìn títí dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó ń jẹ ápù.

"Kí ni orúkọ ọkùnrin náà?"

Wọ́n wo ara wọn.

"Ẹ̀gbọ́n," jórinjórin wí.

Ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀. "Orúkọ bàbá rẹ̀ ńkọ́?"

"Kì í ṣe orúkọ, sà. Bí àwa ṣe ń pe ẹni tó bá jù wá lọ nìyẹn."

Ọlọ́pàá gbé bírò sílẹ̀. "Ẹ bá ọkùnrin sùn sínú ilé kan náà, ẹ kó pásípọ́ọ̀tù yín fún un, ẹ ò bi í pé kí lorúkọ rẹ̀?"

"Ó jù wá lọ, sà," nọ́ọ̀sì wí. "Ta ló máa dúró níwájú àgbà, kó ní kí lorúkọ ẹ?"

"Èmi," ọlọ́pàá wí. "Èmi máa bi í. Fọ́tò rẹ̀ dà?"

"Òun ló ń ya fọ́tò."

"Nọ́ńbà mọ́tò?"

"Mọ́tò aláwọ̀ eérú ni," onígbàjámọ̀ wí.

Ọlọ́pàá na ìka sí ojú fèrèsé. Mọ́tò aláwọ̀ eérú bíi mélòó kan ló wà lójú títì. Ó tẹ onílé láago, ó fetí sílẹ̀, ó wá ń wo nọ́ọ̀sì láti òkè délẹ̀. "Onílé ní obìnrin ló gba ilé náà. Orúkọ yín ló wà níbẹ̀, madamú."

"Orúkọ èmi?"

"Tiyín. Ẹ ò sì ní ìwé kankan lára. Tí mo bá máa tẹ̀ lé òfin, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ kí n tì mọ́lé."

Kí ni nọ́ọ̀sì fẹ́ sọ? Ohun tí màmá òun sọ lòun ṣe? Onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé kò sí wà... ó gbé ìyókù mì.

Ibi tí wọ́n dé nìyẹn tí tẹlifóònù fi dún. Ẹni tó ń ta epo lójú ọ̀nà márosẹ̀ ló ń ráhùn: aláìnítìjú kan já mọ́tò aláwọ̀ eérú sílẹ̀ síwájú ẹ̀rọ epo òun, ó dọ̀tí ilé ìwẹ̀ òun, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọlọ́pàá ju ápù sílẹ̀. "Ẹ wọlé sínú mọ́tò. Gbogbo yín."

Nínú ilé ìwẹ̀ ilé epo náà, irùngbọ̀n ewú kún inú bàsíà. Onígbàjámọ̀ tẹjú mọ́ ọn.

"Ó mà ti fá a tán," ló wí jẹ́ẹ́. "Lẹ́yìn gbogbo làálàá mi."

"Ibo ló gbà?" ọlọ́pàá bi olùtajà epo.

"Onílọ́rì kan gbé e. Ó ń wá ibi tí bọ́ọ̀sì ọlọ́nà jíjìn ti ń gbéra."

Wọ́n sáré. Nígbà tí wọ́n dé ibùdókọ̀, bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ẹnubodè ti ń hó, àwọn èrò ti ń wọlé. Jórinjórin fò sílẹ̀ kí mọ́tò tó dúró, ó ń wo ojú kọ̀ọ̀kan. Lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, ó rí ọkùnrin kan tó dé fìlà, tó wo awò dúdú, tí àgbọ̀n rẹ̀ ń dán bí abọ́.

"Òun nìyí! Ọ̀gá, òun nìyí!"

Ọkùnrin náà yíjú láìyára. Èdè ìlú yẹn ló fi dáhùn, ó já gaara lẹ́nu rẹ̀. "Kí lẹ fẹ́?"

"Ìwé yín," ọlọ́pàá wí.

Ó mú pásípọ́ọ̀tù jáde. Ti orílẹ̀-èdè mìíràn ni, fọ́tò inú rẹ̀ kò ní irùngbọ̀n. Ọlọ́pàá yẹ ìwé náà wò, ó tú àpò rẹ̀. Kò rí báàgì dúdú kankan.

"Ṣé ẹ mọ àwọn èèyàn yìí?"

"Mi ò rí wọn rí."

"Ẹ̀gbọ́n!" onígbàjámọ̀ kígbe. "Ẹ wojú mi! Lánàá òde yìí ni mo gé irùngbọ̀n yín!"

"Kí ló ń sọ?" ọkùnrin náà bi ọlọ́pàá. "Mi ò gbọ́ èdè wọn."

Ọlọ́pàá kọjú sí nọ́ọ̀sì. "Ẹ̀yin, madamú. Ṣé ẹ lè búra pé òun ni?"

Nọ́ọ̀sì sún mọ́ ọn. Ó wá Ẹ̀gbọ́n lójú yẹn títí. Láìsí ewú, láìsí ẹ̀rín, ojú náà ti di ti ẹlòmíràn. Bó bá jẹ́ aláìṣẹ̀ ńkọ́? Àlejò ni òun náà. Ó mọ bó ṣe máa ń rí kí wọ́n na ìka síni láàárín èrò.

"Mi ò lè búra," ló wí.

"Àǹtí!" jórinjórin pariwo. "Ẹ ní òun ni! Ẹ ṣáà ní òun ni!"

"Mi ò lè ṣe é."

Ọlọ́pàá dá pásípọ́ọ̀tù padà. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ máa lọ." Awakọ̀ fun fèrè. Nọ́ọ̀sì yí padà. Kò tún rí ohun tó wà níwájú rẹ̀ mọ́, ojú ọmọ tí eyín rẹ̀ ń ká ló ń rí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ há sínú okùn ẹrù ẹnì kan. Ó ṣubú, ó fi orúnkún méjèèjì gbálẹ̀ gbàà.

Ní ìlú yẹn, tí ẹnì kan bá ṣubú, ńṣe ni wọ́n máa ń wo ibòmíràn kí ojú má baà tì í. Gbogbo ìlà èrò náà wo ibòmíràn. Onígbàjámọ̀ àti jórinjórin ya ẹnu sílẹ̀, wọn ò tíì rí ohùn lò. Síbẹ̀ ohùn kan jáde.

"Yéè! Pẹ̀lẹ́! Pẹ̀lẹ́ o, pẹ̀lẹ́!"

Ohùn náà wá láti ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Ọkùnrin onífìlà ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀ síwájú, ó na ọwọ́ láti gbé obìnrin náà dìde. Ọwọ́ ọ̀hún dúró gbagidi lójú afẹ́fẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n wa," jórinjórin wí, ó ń sún mọ́ ọn. "Ẹ kú ìrìn o."

Ọkùnrin náà fò wọ bọ́ọ̀sì. Jórinjórin gbá bẹ́líìtì rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, ó fà á, àwọn méjèèjì gbálẹ̀ lé ẹrù èèyàn lórí. Kí ó tó dìde, ọlọ́pàá ti kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sínú irin.

"Báàgì dà?"

"Báàgì wo?"

"Mo máa tú gbogbo ikùn bọ́ọ̀sì yìí, màá sì ní kí gbogbo èrò yìí dúró wò ọ́. Báàgì dà?"

Ọkùnrin náà wo àwọn èrò. Wọ́n ti ń kùn. "Ìsàlẹ̀," ló wí. "Mo fi táwẹ̀lì wé e."

Wọ́n fà á jáde. Pásípọ́ọ̀tù wọn wà níbẹ̀, tàwọn mìíràn tí wọn ò mọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

"Ta ló ń rà wọ́n?"

"Àwọn tó wà ní ẹnubodè. Wọ́n ń fi mú èèyàn wọ̀lú."

"Ìlú mélòó lo ti ṣe é?"

"Gbogbo ibi tí àwọn èèyàn wa bá wà. Àárò máa ń sọ wọ́n. Tí mo bá ti kí wọn dáadáa, ó ti parí."

Ọlọ́pàá rí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ gan-an nínú àpò kékeré kan nínú báàgì náà, ó ka ọdún ìbí. Onígbàjámọ̀ yọjú wò ó, ó fọwọ́ lérí. "Ọmọ yìí! Mo mà jù ú lọ! Láràárọ̀ ni mò ń dọ̀bálẹ̀ fún un!"

"Ewú máa ń tètè yọ nílé wa ni," ọkùnrin náà wí, ó gbé ojú sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì di pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ mú mọ́ àyà, ó ṣí i, ó pa á dé, ó tún ṣí i. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní orúnkún rẹ̀, kò mọ̀. Ní báyìí ni ẹkún wá dé. Jórinjórin na fóònù rẹ̀ sí i pé kó pe ilé.

"Madamú," ọlọ́pàá wí, "ọ̀rọ̀ tó sọ nígbà tí ẹ ṣubú yẹn, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Ó ń bá mi kẹ́dùn ni."

"Ṣé òun ló tì yín?"

"Rárá, sà."

"Kí ló wá kàn án?"

Ọkùnrin náà ló dáhùn láti ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ọlọ́pàá. "Ìyá mi ló fi pàṣán kọ́ mi. N kì í mọ ìgbà tó ń jáde."

"Wọlé," ọlọ́pàá wí, ó tì í. Ọkùnrin náà kò tètè tẹ orí ba. Iwájú orí rẹ̀ gbá irin ilẹ̀kùn, ó dún kọ̀ọ́.

"Pẹ̀lẹ́," nọ́ọ̀sì wí.

Jórinjórin yíjú sí i. "Àǹtí! Olè lẹ̀ ń kí ní pẹ̀lẹ́?"

Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti jáde.