Ìbéèrè Tí Jannah Kò Bi Míìsì Kátà

"Ṣé ìbéèrè kankan wà, Jannah?"

"Kò sí, mà."

Sátidé kẹta nìyí. Tíì ti tutù nínú ife, ìwé àkọsílẹ̀ Jannah sì funfun báláú bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà kò gbójú sókè. Kápẹ́ẹ̀tì ni ó ń wò.

Míìsì Kátà, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, ló jókòó níwájú rẹ̀ nínú ilé kékeré kan ní Eastbrook, nílùú òyìnbó. Ọsirélíà ni wọ́n bí i sí. Ó fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ni ní iléèwé girama kan ní Dagenham, ó sì kọ ìwé ìtàn àròsọ méje. Iléèwé Jannah ti yan àgbà àdúgbò kan fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, kí wọ́n sì sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ lójú rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni. Máàkì rẹ̀ yóò wọ inú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣùgbọ́n Àlàájà Ṣẹ̀fíátù, ìyá ìyá Jannah, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ló tọ́ ọ dàgbà. Láti kékeré ni Jannah ti ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé ọmọ tó bá ń wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà, aláfojúdi ni. Bí àgbà bá fẹ́ sọ ọ́, yóò sọ ọ́. Nítorí náà, Jannah ń dúró de Míìsì Kátà kí ó sọ̀rọ̀. Míìsì Kátà náà ń dúró dè é kí ó bèèrè.

Ní Ọjọ́bọ̀, òun àti Dára, ọ̀rẹ́ rẹ̀, jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ilé ìtajà Vicarage Field, wọ́n ń jẹ ṣíípùsì.

"Kí lo ti kọ?" Dára bèèrè.

"Orúkọ rẹ̀."

"Orúkọ nìkan? Jannah, o ti kú nìyẹn o! Mú fóònù wá jàre. Ní kó bá ẹ kọ ọ́."

"Tí kò bá mọ̀ ọ́n ńkọ́?"

"Kí ni fóònù ò mọ̀? Màmá arúgbó yẹn á ti sùn lọ kó o tó kà á dé ìdajì."

Jannah mọ̀ pé kò dára. Ó tẹ orúkọ náà síbẹ̀. Kí ó tó jẹ ṣíípùsì méjì, ìtàn ti dé: ó gùn, ó dán, kò sí àṣìkọ kan nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó dìde ní gbọ̀ngán iléèwé, ó sì kà á ketekete. "Nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ gbòkìkí, Míìsì Kátà fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Ó ní kíláàsì ń jẹ òun lákòókò. Kò sì bojú wẹ̀yìn mọ́."

Míìsì Kátà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ń nù ún, ó ń nù ún, bẹ́ẹ̀ ni awò náà kò dọ̀tí. Ìyáàfin Adékúnlé, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀.

"Jannah, ta ló sọ èyí fún ọ?"

Jannah ká ìwé ọwọ́ rẹ̀ pọ̀.

"Fóònù ni, mà."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Dára kò rẹ́rìn-ín. "Kò fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ nígbà náà rárá," ni Ìyáàfin Adékúnlé wí, ó sì kọ òdo sílẹ̀. Ó fún Jannah ní ọ̀sẹ̀ kan láti tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún un pé máàkì tó ga jù lọ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nílé, Àlàájà ń yọ móínmóín kúrò lórí iná nígbà tí Jannah sọ ohun gbogbo fún un pẹ̀lú omijé.

"Kí ló dé tí o kò bi í?"

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ní kí n má máa bi àgbà léèrè ọ̀rọ̀."

Àlàájà gbé síbí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo sọ ọ́ lóòótọ́. Àbọ̀ ni mo kọ́ ọ, ẹ̀bi mi ni. A kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà, ṣùgbọ́n a máa ń tọrọ rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ gbọ́ nǹkan lẹ́nu ìyá mi, màá kúnlẹ̀, màá ní, 'Ẹ fún mi láyè, mo fẹ́ bèèrè.' Ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Nu ojú rẹ. Lọ́la, èmi àti ìwọ la jọ ń lọ."

Ní àárọ̀ Sátidé, Àlàájà gbé ike móínmóín dání. Bí Míìsì Kátà ti ṣílẹ̀kùn, Jannah kúnlẹ̀ gbìì sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Yéè! Kí ló jábọ́?" ni ìyá arúgbó náà ké. "Ṣé yẹtí rẹ ni?" Òun náà bẹ̀rẹ̀, ó ń wá a kiri.

Àlàájà rẹ́rìn-ín débi pé ó di ògiri mú.

"Ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀, mà," ni Jannah wí. "Mo parọ́ mọ́ yín lójú gbogbo ènìyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè, mo fẹ́ bèèrè."

"Láti Sátidé àkọ́kọ́ ni mo ti ń retí rẹ̀. Dìde, kí o bèèrè."

"Kí ló dé tí ẹ kò fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀?"

Míìsì Kátà ṣí dúrọ́ọ̀ kan, ó mú àpòòwé kan tó ti pọ́n jáde. "Lẹ́tà ìfipòsílẹ̀ mi nìyí. Aago márùn-ún ìdájí ni mo máa ń kọ̀wé kí n tó wọ bọ́ọ̀sì lọ síléèwé. Ó rẹ̀ mí. Mo mú lẹ́tà yìí dání ní Mọ́ńdè kan. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi, Nàìjíríà ló ti wá. Láti ìgbà tó ti dé, kò lanu rí. Lọ́jọ́ náà, ó nawọ́, ó ka gbólóhùn kan tó fúnra rẹ̀ kọ: 'Ní ilé ìyá mi, òórùn òjò máa ń dé ṣáájú òjò.' Mo dá lẹ́tà padà sínú báàgì. Mo ti kọ ìwé méje. N kò tíì kọ gbólóhùn tó tó ìyẹn."

"Níbo ni ọmọ náà wà báyìí, mà?"

Míìsì Kátà rẹ́rìn-ín. "Òun ló fún ọ ní òdo."

Ní ọjọ́ Ẹtì kejì, Jannah sọ̀rọ̀ láìmú ìwé dání. Nígbà tó dé ibi òórùn òjò, Ìyáàfin Adékúnlé kọjú sí fèrèsé, kò sì tètè yí i padà. Máàkì Jannah kò ga jù lọ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kìlọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ní ìlà iwájú, awò Míìsì Kátà wà lójú rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ fi parí.

Ìwé àkọsílẹ̀ náà ti kún báyìí. Ohun tí Jannah kọ sí ojú ewé tó kẹ́yìn ni pé: "Ìbéèrè tí a fi ọ̀wọ̀ bi àgbà kì í ṣe àfojúdi. Irọ́ tí a fi bo ìtìjú mọ́lẹ̀ gan-an ni àfojúdi."