Abẹ́rẹ́ Ẹ̀yìn Káńtà Kì Í Dènà HIV

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, pápá tó wà lẹ́yìn ilé ìfọṣọ ni a máa ń wà. Bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá la máa ń gbá níbẹ̀. Iṣẹ́ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá láti ọjọ́ Ajé: àwọn kan ń gé adìẹ ní ilé iṣẹ́, àwọn kan ń kan òrùlé, èmi Iluminada ń fọ aṣọ aláṣọ. Ní pápá yẹn, ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin ń bẹ níbẹ̀, obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin bíi tèmi ń bẹ níbẹ̀, Brisa tí wọ́n bí ní ọkùnrin, àmọ́ tó jẹ́ obìnrin, ń bẹ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wo ẹnikẹ́ni tìkà-tẹ̀gbin.

Nahúm, ọmọ Honduras, ló mọ̀ ọ́n gbá jù nínú wa. Tó bá ti fò sókè lẹ́bàá àwọ̀n, ẹni tó wà lódìkejì a yáa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, bọ́ọ̀lù ń kọjá lórí rẹ̀, ó kàn ń wò ó ni.

"Nahúm, ṣé o ti darúgbó láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni?" mo bi í.

"Àǹtí, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ìdí ló ń dùn mí."

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ ṣáà mọ ẹ̀rín tí àwa máa rín sí irú ọ̀rọ̀ yẹn.

"Ẹ̀yin oníṣekúṣe," Nahúm wí, òun náà ń rẹ́rìn-ín. "Abẹ́rẹ́ ni. Don Evelio ló gún mi láàárọ̀ àná."

Don Evelio, ìyẹn Bàbá Evelio, ló ni ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ra ìyẹ̀fun àgbàdo, tí a ti ń fowó ránṣẹ́ sílé. Ẹ̀yìn káńtà rẹ̀ ni oògùn tí wọ́n kó láti ìlú wa máa ń wà. Nílé lọ́hùn-ún, tí ara ò bá yá, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn la ń lọ. Á gún wa lábẹ́rẹ́, a ó sì gba ibi iṣẹ́ lọ. A gbé àṣà yẹn dání wá sí Carolina, ní Amẹ́ríkà níbí.

Brisa ti ki bọ́ọ̀lù bọ abẹ́ apá. "Kí ló ń ṣe ọ́ tí o fi gba abẹ́rẹ́?"

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Mo lọ jó lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo pàdé ẹnì kan, kọ́ńdọ̀mù sì bẹ́. Mo ní kí n tètè fọ ẹ̀jẹ̀ mi mọ́. Ṣé èmi nìkan ló ń gbà á ni?"

Ẹni bíi mẹ́ta nínú wa wolẹ̀. Ẹ̀rín náà ti tán.

Brisa kì í ṣe dókítà. Adìẹ lòun náà ń gé. Àmọ́ àwọn elétò ìlera kọ́ òun àti àwọn mélòó kan nínú wa pé kí wọ́n máa la ẹgbẹ́ wọn lọ́yẹ̀ nípa HIV, torí ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ ẹni bá sọ máa ń tètè wọni létí. Nígbà tí mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà, mo fi eré sílẹ̀, mo sún mọ́ wọn.

"Àbúrò mi, gbọ́," Brisa wí. "Abẹ́rẹ́ yẹn lè pa àwọn kòkòrò mìíràn, tí kì í bá ṣe ayédèrú. Kò lè ṣe HIV ní nǹkan kan."

"Ṣé mo ti kó o nìyẹn?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní PEP. Tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ó lè má jẹ́ kí kòkòrò náà ráyè jókòó sára. Bó bá ṣe yá tó ló ṣe dáa tó. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì lo wí. Àkókò ti ń lọ."

"Lọ́la kùtù, ọkọ̀ ń kó wa lọ sórí òkè. Igi Kérésì la fẹ́ lọ gé. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Òní náà la máa lọ nìyẹn. Ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rẹ, wọ ọkọ̀."

"Ọsibítù? Èmi tí mi ò ní ìwé ìgbélùú? Kí wọ́n mú mi, kí wọ́n dá mi padà? Owó wo ni màá san?"

"Ètò wà fún ẹni tí kò lówó. Màá bá ọ wọlé."

Brisa pe nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tó ń bá ṣiṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ní àwọn ò ṣí lọ́jọ́ Àìkú, pé kí a gba ẹ̀ka pàjáwìrì ní ọsibítù ńlá lọ. Èmi ni mo ní mọ́tò. Mo wà á bí ẹni tí wọ́n ń lé, Nahúm àti Brisa jókòó sẹ́yìn títí a fi débẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìbọn wà nídìí rẹ̀. Bí Nahúm ti rí i, ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó kọrí sójú títì.

"Mo sọ fún yín. Ẹ wo ọlọ́pàá."

Mo sáré tẹ̀ lé e, orúnkún mi ń ké. Mo di apá aṣọ rẹ̀ mú. Inú ń bí mi, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí. Ibi tí a ti ń fa ara wa ni Brisa ti lọ bá ẹ̀ṣọ́ náà tààrà.

"Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀?"

Ẹ̀ṣọ́ fi àgbọ̀n júwe, ó sì padà sórí fóònù rẹ̀. Brisa kọjú sí wa, ó la ọwọ́ méjèèjì. Nahúm mí kanlẹ̀, ó padà.

A jókòó, a dìde, a tún jókòó. Èrò pọ̀. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí ni Nahúm ń dìde, orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n á sì pè.

"Àǹtí Brisa, tó bá ti wà lára mi tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Oògùn wà tí wàá máa lò lójoojúmọ́, tí wàá fi darúgbó. Tí oògùn bá ká kòkòrò náà mọ́lẹ̀ débi tí àyẹ̀wò ò rí i mọ́, o ò ní kó o ran ẹni tó o bá bá lò pọ̀. Èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, ó ti wà lára mi tipẹ́."

Èmi gan-an ò mọ̀. A ti jọ jẹ tàmálì nínú àwo kan àìmọye ìgbà. Mo wò ó, ara ẹ̀ le koko ju tèmi lọ.

Wọ́n pe Nahúm. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò rí HIV níbẹ̀. Ó fún un ní PEP, ó ní kó lò ó fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n láìfo ọjọ́ kan, kó sì padà wá ṣe àyẹ̀wò tó bá yá. Níbẹ̀ ló ti gbé àkọ́kọ́ mì.

Ìṣòro tó kù ni orí òkè. Inú yàrá kan náà ni gbogbo wọn ń sùn, ọ̀gá wọn, Don Teófilo, sì máa ń fi irú wa ṣe yẹ̀yẹ́. Brisa ní òun á máa kọ̀wé sí Nahúm lórí fóònù nírọ̀lẹ́ pé, "Ṣé o ti jẹun?" Tó bá ti lo oògùn, kó fèsì pé, "Mo ti yó."

Ó ń yó lójoojúmọ́. Àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí kò fèsì. Brisa pè, kò gbé e. Mo fọ aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀.

Ó pè láàárọ̀ ọjọ́ kejì. "Don Teófilo rí ìgò oògùn mi lálẹ́ àná, mi ò ráyè fèsì."

"Ó lù ọ́?" mo bi í.

"Rárá. Ó ní kí ni mò ń fi ṣe. Mo sọ fún un, mo sì gbé tàná mì níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, níbo ni wọ́n ti ń fún èèyàn? Ó ní Don Evelio ti gún òun títí, ọkàn òun ò balẹ̀ rí."

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè, àwọn méjèèjì ni Brisa mú lọ sílé ìwòsàn. Àyẹ̀wò tí Nahúm ṣe lẹ́yìn tí oògùn tán àti èyí tó tẹ̀ lé e, HIV ò sí nínú wọn. Èsì Don Teófilo, òun ló ni ín, kò sẹ́ni tó yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ó ti wá sí pápá wa, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì bú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ má fi abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn káńtà tan ara yín. Kò dènà HIV, ẹ ò sì mọ ẹni tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ yẹn gún ṣáájú yín. Tí kọ́ńdọ̀mù bá bẹ́, tàbí tí ẹ ò lò ó, ẹ wá PEP lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Tó bá jẹ́ pé irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ béèrè oògùn PrEP tí wọ́n ń lò ṣáájú ìbálòpọ̀ kí HIV má bàa wọlé sára. Ẹ máa ṣe àyẹ̀wò lóòrèkóòrè. Tí ẹ̀rù ìwé tàbí ti owó bá ń bà yín, ẹ wá olùlanilọ́yẹ̀ bíi Brisa ládùúgbò yín, ó mọ ibi tí ẹ lè lọ, yóò sì bá yín wọlé.

Ẹ má sì pa ẹnu mọ́ nítorí ìtìjú. Ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín jù lè jẹ́ ẹni tí kò rí ẹni bi léèrè.